Ṣé nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìmukúmu ọtí wà?

Tí mo bá wálé sí Ìlerò, tí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, rí ife lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní, "Ṣọ́ra o. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín." Àbúrò bàbá mi ni wọ́n ń bá wí. Ògógóró àti párága ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni ìyá àgbà ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Dopamine ni kẹ́míkà tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ nígbà tí nǹkan bá dùn mọ́ wa. Tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́, receptor ni ihò kọ́kọ́rọ́. Jíìnì DRD2 ló ń darí bí ọ̀kan nínú àwọn ihò náà ṣe rí.

Ní 1990, Kenneth Blum, Ernest Noble àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà yẹ ọpọlọ òkú 70 wò: ọ̀mùtí 35, àwọn tí kì í ṣe ọ̀mùtí 35. Àmì kan tí wọ́n ń pè ní A1 wà lára ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀mùtí, ìdá 20 péré lára àwọn yòókù. Ariwo ta: wọ́n ti rí jíìnì ọtí!

Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn mìíràn tún un wò, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2004, ó hàn pé inú jíìnì aládùúgbò, ANKK1, gan-an ni A1 wà.

Ibi tó kàn wá rèé. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára èyí tí iṣẹ́ HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, lò. A1 wọ́pọ̀ láàárín wa ju láàárín àwọn ará Yúróòpù lọ. Nítorí náà, bí àwọn ọ̀mùtí àtàwọn tí kì í mu tí ẹ fẹ́ fi wéra bá wá láti ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, A1 lè yàtọ̀ láìjẹ́ pé ọtí mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Àjogúnbá wà o. Ìwádìí lára ìbejì fi hàn pé ó kó bí ìdajì nínú ewu náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jíìnì ni, oníkálukú ń fi díẹ̀ kún un. ADH1B, tó ń lọ́wọ́ sí bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń fọ́ ọtí, wà lára àwọn tó hàn jù. Oríṣi rẹ̀ kan tó wà lára àwọn kan nínú àwa aláwọ̀ dúdú tiẹ̀ ń dín ewu kù. Ẹ̀jẹ̀ lè gbani náà.

Èmi ò fẹnu kan ọtí, torí ewu tèmi lè ju tẹlòmíì lọ. Àmọ́ ewu kì í ṣe ìdájọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àbúrò bàbá mi ti mu gbẹ̀yìn. Jíìnì tí wọ́n ní nígbà náà, òun náà ni wọ́n ṣì ní lónìí.