Bí Pólándì Ṣe Bọ́ Sínú Dùùrù Chopin

Ní 1795 ni Pólándì pòórá lórí máàpù. Rọ́ṣíà, Prussia àti Ọ́sítríà ti kọ́kọ́ gé lára rẹ̀ ní 1772, Rọ́ṣíà àti Prussia sì tún gé e ní 1793. Ní 1795 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pín ìyókù mọ́wọ́. Odindi ọdún 123 ló fi wà láìní òmìnira. Láàárín àkókò yìí gan-an ni orin ilẹ̀ náà di ohun tí gbogbo Yúróòpù mọ̀, orí dùùrù tí a tún ń pè ní píánò ló sì gbà débẹ̀.

Fryderyk Chopin ló gbé e débẹ̀. Wọ́n bí i ní 1810 ní abúlé Żelazowa Wola, nítòsí Warsaw. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Pólándì, ṣùgbọ́n ará Faransé ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ṣí wá láti agbègbè Lorraine. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ló gbé orin náà wá. Irọ́ ni. Etí ló fi gbọ́ ọ, ọwọ́ ló sì fi kọ́ ọ.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n tẹ polonaise rẹ̀ kan jáde ní 1817. Polonaise ni ijó àwọn ọlọ́lá, èyí tí wọ́n ń tò jó ní méjì-méjì, kò sì ṣàjèjì sí àwọn akọrin ilẹ̀ òkèèrè. Mazurka ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ijó àwọn àgbẹ̀ nìyẹn, láti agbègbè Mazovia àti àwọn tó yí i ká.

Ní 1824, ó lọ lo ìsinmi ní Szafarnia, nílé ẹbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ń kọ lẹ́tà sílé bí ìwé ìròyìn, ó ń fi ìwé ìròyìn Warsaw kan ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ọ̀kan lára wọn, ó ròyìn ọmọbìnrin abúlé kan tó jókòó sórí ọgbà tó ń fi gbogbo ohùn kọrin. Chopin bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un kọ, ó kọ̀. Ìgbà tí ọmọkùnrin náà fún un ní kọ́bọ̀ mẹ́ta ló tó gbà, ó sì rọra kọ mazurka kan. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún rí ẹ̀kọ́ orin rà lówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń gbọ́ lóko hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ òsì á tẹ ohùn méjì mọ́lẹ̀, wọ́n á máa kùn lábẹ́ orin láìyí padà, bí fèrè alápò awọ ti àwọn ará abúlé ṣe ń ṣe. Nígbà míì ohùn kẹrin á gòkè ju bí wọ́n ṣe kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ lọ, tí etí ará ìlú á fi ta. Síbẹ̀ kì í sábà kó orin abúlé ní odidi. Ìwà orin náà ló ń mú.

Ó kúrò ní Warsaw ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, 1830. Oṣù náà kò tíì parí tí àwọn ará ìlú fi dìde sí Rọ́ṣíà. Tytus, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà ní Vienna, padà lọ jà, Chopin dúró. Stuttgart ló wà nígbà tó gbọ́ ní 1831 pé Warsaw ti ṣubú. Ó dé Paris lọ́dún náà, kò sì tẹ ilẹ̀ Pólándì mọ́ títí ó fi kú ní 1849. Lọ́dún 1832 ni àwọn mazurka tó ní nọ́ńbà 6 àti 7 jáde.

Elsner, olùkọ́ rẹ̀, àti akéwì Witwicki rọ̀ ọ́ pé kó kọ opera fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Kò kọ ọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Opera á béèrè gbọ̀ngàn, á béèrè ọ̀rọ̀, ìjọba sì lè fagi lé ọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ fagi lé ọwọ́ òsì? Olórin Robert Schumann rí i kedere ní 1836: ó kọ ọ́ pé bí ọba Rọ́ṣíà bá mọ ọ̀tá tó wà nínú àwọn mazurka wọ̀nyí, á fòfin dè wọ́n, torí ìbọn ńlá ni wọ́n bò mọ́ abẹ́ òdòdó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an ni kíkà. Ení, èjì, ẹ̀ta ni mazurka ń kà bíi waltz, ṣùgbọ́n ohùn tó wúwo lè bọ́ sórí èjì tàbí ẹ̀ta. Chopin sì máa ń fa ohùn gùn nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Meyerbeer, àgbà olórin, wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní méjì-méjì ni èyí tó ń gbọ́ ń lọ. Chopin ní mẹ́ta ni. Meyerbeer kò gbà, inú sì bí Chopin débi pé ó ń pariwo. Olórin míì, Charles Hallé, fẹ̀sùn tó jọ ọ́ kàn án: ó ka mẹ́rin sókè bí Chopin ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó sì bá a mu. Lọ́tẹ̀ yìí Chopin rẹ́rìn-ín, ó ní bí ijó ilẹ̀ àwọn ṣe rí nìyẹn. Onílù tó mọṣẹ́ lè fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí ijó má dàrú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìka kà á á ṣìnà.

Àwọn tó gba ilẹ̀ náà wá mọ ohun tí orin yìí jẹ́. Ní 1863, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ju dùùrù rẹ̀ kan láti ojú fèrèsé ààfin kan ní Warsaw. Ní 1940, àwọn ará Jámánì wó ère rẹ̀ tó wà ní ọgbà Łazienki. 1958 ni wọ́n tó gbé òmíràn dìde.

Láti ìgbà tí ìdíje Chopin ti bẹ̀rẹ̀ ní Warsaw ní 1927 ni Rédíò Pólándì ti ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá tẹ mazurka dáadáa jù lọ. Wọn kì í béèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí. Ọmọ Ṣáínà, Fou Ts'ong, gbà á ní 1955, Martha Argerich ti Ajẹntínà gbà á ní 1965, ó sì kan Dang Thai Son, ọmọ Vietnam, ní 1980.