Orúkọ Tí À Ń Jẹ́, àti Bí A Ṣe Lè Wádìí Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo àwa tí ń sọ èdè yìí ti ń jẹ́ Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, ilẹ̀ Aláàfin ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ènìyàn wa tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, tí a sì mú gúnlẹ̀ ní Sàró, Akú ni a pè wọ́n níbẹ̀, nítorí ìkíni tí kì í tán lẹ́nu wọn: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ewu. Láti inú ìwé tí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tẹ̀ ní ọdún 1843, àti láti inú Bíbélì àti ilé ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e, ni orúkọ apá kan fi di ti gbogbo wa. Koelle ará Jámánì bá àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí nípa èyí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1854, ṣùgbọ́n a kò gba tirẹ̀.

Ní ọdún 1966 ni Berger àti Luckmann kọ ìwé kan láti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ohun tí a rò pé a bá láyé ni, àjọṣe àwa ènìyàn ni ó dá a sílẹ̀: a sọ ọ́, a fi ṣe àṣà, a fi kọ́ ọmọ, ọmọ náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ti rí. Ẹ má ṣe tìtorí èyí pè é ní irọ́. Owó ẹyọ, ìkarahun lásán ni. Síbẹ̀ nígbà tí a ń ná an, ẹni tí kò ní i kò rí iṣu rà.

Báwo ni a ó ṣe wádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kíkà nìkan kò tó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní Nàìjíríà kò tilẹ̀ béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì béèrè, iye ni ì bá fún wa, a kì bá tí ì mọ ohun tí ìyá arúgbó kan ní Oǹdó ní lọ́kàn nígbà tí ó wí pé Yorùbá ni òun. Kí a tó lè mọ èyí, a ní láti jókòó tì í, kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́, kí a má sì ṣe fi ìdáhùn sí i lẹ́nu.

Ọ̀nà yìí ni Àlùfáà Samuel Johnson fi kọ ìtàn wa, tí ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1897. (Ìwé àkọ́kọ́ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, Obadiah àbúrò rẹ̀, oníṣègùn, ni ó tún un tò kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú láti ogún ọdún wá.) Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ arọ́kin sì ni láti pa ìtàn ọba mọ́ láàfin. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé Ọ̀yọ́ ni orí nínú ìwé náà. Etí Johnson gbọ́ dáadáa. Ibì kan náà ni ó sáà pẹ́ sí jù. Ohun tí yóò tún un ṣe ni pé kí a béèrè ní Ìjẹ̀bú, ní Iléṣà, ní Kétu, àti lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ọjà pẹ̀lú, kí a sì kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn kò ti bára mu sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ ìtàn ìlú yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ilé tí ó ti jáde wá, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn yín kò ní rí ẹni náà bi mọ́.