Ìfòòró Ẹ̀mí Níbi Iṣẹ́: Ohun Tí Ìwádìí Sọ Nípa Àkóbá Rẹ̀ fún Ìlera

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn pé ìfòòró ẹ̀mí níbi iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Ọ̀rọ̀ ìlera ni pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá tàbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fòòró lemọ́lemọ́ wà nínú ewu ìsoríkọ́ àti àrùn ọkàn ju àwọn yòókù lọ.

Olóògbé Heinz Leymann, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tí wọ́n bí ní Jámánì ṣùgbọ́n tó ṣiṣẹ́ ní Sweden, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1980. Ó ka irú ìwà 45 tí a lè fi fòòró òṣìṣẹ́. Lára wọn ni kíkẹ́gàn ẹni lójú gbogbo ènìyàn, títan ọ̀rọ̀ èké kálẹ̀, gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni láìnídìí, àti ṣíṣe sí ẹni bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, irú ìwà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún oṣù 6, ó kéré tán, kí a tó pè é ní ìfòòró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ståle Einarsen ti Yunifásítì Bergen ní Norway fi kún un pé ẹni tí wọ́n ń fòòró kì í sábà ní agbára láti gbèjà ara rẹ̀. Nítorí náà, ìbáwí ọ̀gá lórí àṣìṣe kan, tàbí asọ̀ kan ṣoṣo láàrin ẹlẹgbẹ́ méjì, kò tíì di ìfòòró.

Ní Finland, àwọn olùwádìí fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó lé ní 5,000 lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún 2. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2003 fi hàn pé ewu ìsoríkọ́ láàrin àwọn tí ìfòòró náà kò dáwọ́ dúró lórí wọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní 2019, ìwádìí mìíràn lórí ènìyàn 79,201 ní Denmark àti Sweden sọ pé ewu àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ fi ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ga láàrin àwọn tí wọ́n ń fòòró.

Bí ìbẹ̀rù bá ti di ojoojúmọ́, ara kì í ráyè sinmi. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ru, oorun kì í sì í kun ojú. Àwọn mìíràn a máa fi ọtí tàbí àjẹjù pa ìrònú rẹ́, èyí tí yóò tún dá kún àìsàn.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i, nítorí pé ìfòòró ti ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́ délé. Ní 2012, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Sheffield àti Nottingham ní Ìlú Ọba kéde pé nínú òṣìṣẹ́ 320 tí wọ́n bi léèrè ní yunifásítì mẹ́ta, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ti rí ó kéré tán ìwà kan irú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ láàrin oṣù 6.

Sweden ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1993. Àdéhùn Nọ́ńbà 190 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, gbé kalẹ̀ ní 2019 ka èyí tí a fi ẹ̀rọ ṣe mọ́ ọn, kò sì dúró di ìgbà tí ìwà náà bá di lemọ́lemọ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 2022. Ojúṣe àwọn agbanisíṣẹ́ ni láti rí i pé ọ̀nà wà tí òṣìṣẹ́ lè gbà fẹjọ́ sùn láìbẹ̀rù.

Níbi tí iṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ló ń fara dà á nítorí oúnjẹ òòjọ́. Ó dára kí ẹni tó bá wà nínú ipò yìí kọ ọjọ́, àkókò, ohun tí wọ́n sọ àti orúkọ àwọn tó ṣojú wọn sílẹ̀. Kí ó má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́. Kí ó fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí. Kí ó sì lọ rí dókítà bí oorun tàbí oúnjẹ kò bá lọ mọ́. Àwọn àgbà ló wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.