Okùn Ìmọ́lẹ̀ Lábẹ́ Òkun Ìlàjẹ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní Molútẹ̀hìn, ìlú àwọn Ìlàjẹ kan ní bèbè òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òwe yìí di irọ́. Láti ọdún 2002 ni wáyà SAT-3, tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, ti ń gba abẹ́ òkun láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Kò sí bí irú wáyà bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dé ọ̀hún tí kò ní gba iwájú etíkun Ìlàjẹ kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú agbami ni ó gbà. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé inú ilé orí omi, tí ó sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ kí ó tó dé ibi tí yóò ti ṣe é. Kí ni ó fà á? Ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò bá ara wọn díje ni kò tó ni, àbí ìdíje fúnra rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń jẹ́ fáíbà. Okùn dígí ni, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ni a ń rán gba inú rẹ̀, tí yóò máa ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú ènìyàn kò lè bá, ìṣẹ́jú ìmọ́lẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ sì ń tú sí ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn. Wáyà bàbà tí a fi ń ta tẹlifóònù láyé àtijọ́ a máa rẹ̀ bí ọ̀nà bá ti jìn. Ìmọ́lẹ̀ inú dígí kì í tètè rẹ̀. Ìgbì afẹ́fẹ́ tí fóònù alágbèéká ń lò ní tirẹ̀ jẹ́ àjọlò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, òpó kan náà tó fún gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ní agbègbè rẹ̀, nítorí ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ń béèrè ohun tirẹ̀, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ lábẹ́ òpó kan ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa kéré, bí omi korobá kan láàárín ogún ènìyàn. Ìdí nìyí tí àwọn ìlú ńlá fi ń fa fáíbà wọ inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n tí a ń pè ní gígábíìtì ni bíìtì 1,000,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ètò Íntánẹ́ẹ̀tì Ayára-bí-àṣá tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún ọdún 2020 sí 2025 kò béèrè tó bẹ́ẹ̀: mílíọ̀nù bíìtì 25 ni ó fẹ́ kí ará ìlú ńlá rí, ó kéré tán, ó sì fi 10 sílẹ̀ fún ará ìgbèríko. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí fídíò ẹ̀kọ́ kan bá jẹ́ gígábáìtì kan, èyí tíí ṣe bíìtì bílíọ̀nù 8, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 8 lórí gígábíìtì. Ní ìwọ̀n ìlú ńlá, yóò gba ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 20. Ní ìwọ̀n ìgbèríko, yóò gba ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 20. Olùkọ́ tí ó fẹ́ fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ní ogójì ìṣẹ́jú yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Kò sí àní-àní pé ìdíje ti ṣe oore fún Nàìjíríà. Láti ọdún 1985 ni NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba, ti ń ta tẹlifóònù. Nígbà tí ọdún 2001 fi bẹ̀rẹ̀, ìlà tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká ní mílíọ̀nù dọ́là 285 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ. Ìṣẹ́jú gbáko ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé àáyá mẹ́wàá péré ni ènìyàn fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí Globacom dé ní ọdún 2003, àáyá kọ̀ọ̀kan ni ó ń ka owó lé, àwọn tí ó ti wà ṣáájú sì tẹ̀lé e. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò ṣe, oníṣòwò tuntun kan ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lábẹ́ òkun. NITEL nìkan ni ó di ẹnu ọ̀nà SAT-3 mú ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni Glo-1 gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2009, tí MainOne sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010. Ọmọ bíbí Iléolújì ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ̀, ni ó dá ilé-iṣẹ́ MainOne sílẹ̀, tí ó sì fa okùn rẹ̀ láti ilẹ̀ Pọtogí wá, nǹkan bí kìlómítà 7,000. WACS tẹ̀lé e ní ọdún 2012, Equiano ti Google sì gúnlẹ̀ ní ọdún 2022. Àǹfààní àwọn ọ̀nà púpọ̀ yìí hàn kedere ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí mẹ́rin nínú àwọn wáyà náà, SAT-3, WACS, ACE àti MainOne, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun ilẹ̀ Ivory Coast. Iṣẹ́ báǹkì àti ti fóònù dàrú ní ọ̀pọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n nítorí pé Glo-1 àti Equiano kò fara kan, ilẹ̀ Nàìjíríà kò ṣókùnkùn pátápátá.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá wà ni ìdíje ń lọ. Iye tí a fi gbẹ́ ilẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ máa ń pín sí iye ilé tí yóò rà. Ní àdúgbò tí ilé fara ti ilé ní Èkó, ìṣirò yìí rọrùn. Ìdí nìyí tí MTN, ipNX àti FibreOne fi ń ta fáíbà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, àdúgbò kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta yóò gbẹ́, àwọn tí ń ṣe ọ̀nà yóò tún dé, wọn yóò gé wáyà náà. Owó ilẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà tún ń di ẹrù kún ẹrù. Ní ọdún 2013, àwọn gómìnà àti ìjọba àpapọ̀ fẹnu kò sí ₦145 lórí mítà kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò tẹ̀lé e fún ọdún púpọ̀.

Molútẹ̀hìn ńkọ́? Láti Igbókọ̀dá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, omi, ẹrẹ̀ àti igbó ẹ̀gbà ni ó pọ̀ lọ́nà ju ilé lọ. Orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé. Òkun pàápàá kò jẹ́ kí ilẹ̀ dúró: Ayétòrò, Molútẹ̀hìn àti Awóyè wà lára àwọn ìlú tí omi ti ń jẹ wọ inú, tí àwọn ènìyàn sì ti ní láti tún ilé kọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀wẹ̀, agbègbè Ìlàjẹ lo ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba. Bí a bá kó ilé-iṣẹ́ ogún jọ láti díje, kò sí èyí tí yóò fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ẹrẹ̀ fún ilé tí ó lè ṣí kúrò lọ́dún mẹ́wàá sí i. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ṣe. Ọjà ni wọ́n ń ná.

Nítorí náà, ohun tí ìdíje kò lè ṣe ni ó yẹ kí ìjọba ṣe, kí ìdíje sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 ti dá àpò owó USPF sílẹ̀ fún irú ibi tí oníṣòwò kò fẹ́ lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò láti fa fáíbà kìlómítà 90,000 sí i káàkiri orílẹ̀-èdè. Bí irú okùn bẹ́ẹ̀ bá dé Igbókọ̀dá, tí ó sì jẹ́ àjọlò tí ilé-iṣẹ́ yòówù lè yá, kò pọn dandan kí ó gba inú ẹrẹ̀ dé etí òkun. Òpó gíga lè fi ìgbì afẹ́fẹ́ gbé e kọjá lórí omi dé ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ọjà ẹja. Sátẹ́láìtì Starlink náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, kò nílò ilẹ̀ gbígbẹ́, iná oòrùn sì tó láti gbé e ró. Owó rẹ̀ ni ó le fún apẹja kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ará Ìlàjẹ kò ṣàì mọ bí a ti í ṣe irú èyí. Ní ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ Ayétòrò dó sí etíkun yìí kan náà. Wọ́n da owó wọn pọ̀ sí àpò kan, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di àwọn ọdún 1950, wọ́n ti tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ gbígbẹ ṣì ń tan fìtílà. Wọn kò dúró de oníṣòwò, wọn kò sì fi ti ẹnì kan ṣoṣo ṣe. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn apẹja tàbí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè ra ẹyọ íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ó lágbára, kí gbogbo wọn jọ máa lò ó, kí wọ́n sì fi iye wọn bá ilé-iṣẹ́ tí yóò tà á fún wọn nájà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọjọ́ tí Molútẹ̀hìn bá wọ ọjà bí oníbàárà kan tí ó tóbi, dípò ọ̀pọ̀ ilé kéékèèké tí kò sí ẹni tí ó kà wọ́n sí, ni ìdíje tí ń bẹ ní Èkó yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá a bọ̀.