Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ń sé sójà mọ́lé

Ọ̀pọ̀ ilé ní ìgbèríko Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń gbé ga díẹ̀ sí ilẹ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gun àtẹ̀gùn méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀dọ́ kì í ka irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ kún. Àmọ́ tí onílé bá ti di ẹni ọdún 76, tó jẹ́ pé ogun Vietnam ló gba ìgbà èwe rẹ̀, tí orúnkún ti kọṣẹ́, tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara sì ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn ti di ẹ̀wọ̀n. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ rí dókítà, àfi kí ọkùnrin méjì gbé e tòun ti kẹ̀kẹ́.

Ohun tó lè tú u sílẹ̀ kò ju pákó, ìṣó àti iṣẹ́ ọjọ́ kan sí méjì lọ. Káfíńtà á kan ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà sí ẹnu ọ̀nà. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: gíga ínṣì kan, gígùn ẹsẹ̀ bàtà kan. Tí àtẹ̀gùn mẹ́ta bá ga tó ínṣì 21, ọ̀nà náà á gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 21, ó ju gígùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ dáadáa. Ẹni tó bá gé e kúrú kí pákó má baà pọ̀, ńṣe ló ṣe ibi tí kẹ̀kẹ́ á ti máa já bọ́ sẹ́yìn.

Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà ò wá rí owó pákó san ni? Ó ń san án. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé owó ìjọba máa ń tẹ̀ lé ọgbẹ́. Láti 1948 ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ti ń fún ẹni tí iṣẹ́ ológun gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lówó láti kọ́ ilé tó bá ara rẹ̀ mu, tàbí láti tún èyí tó ní ṣe. Owó náà ti lé ní 100,000 dọ́là báyìí. Owó kékeré kan tún wà fún àtúnṣe balùwẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà: ẹni tí àìlera rẹ̀ wá látinú iṣẹ́ ológun lè gba tó 6,800 dọ́là. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ogbó tàbí jàǹbá ọkọ̀ ló dá a gúnlẹ̀ lẹ́yìn tó bọ́ aṣọ ológun ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ wọn, 2,000 dọ́là ni, ní gbogbo ayé wọn.

Òrùlé tó ń jò wá ńkọ́? Òrùlé kò lọ sógun. Kò sì sí dókítà tó lè kọ òrùlé sínú ìwé oògùn. Ihò yìí gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń dí.

Ohun kan máa ń rú wa lójú nílé níbí. Tí a bá gbọ́ ajagunfẹ̀yìntì, ọ̀gágun tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin tí ìjọba fi òfin mú wọṣẹ́ ológun kí wọ́n tó fòpin sí àṣà yẹn ní 1973, tó sìn fún ọdún méjì péré, tó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ajagunfẹ̀yìntì lòun náà. Ogún ọdún sì ni sójà sábà máa ń lò kó tó ní owó ìfẹ̀yìntì. Torí náà, èèyàn lè ja ogun kó má sì ní kọ́bọ̀ tó ń wọlé lóṣooṣù látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ológun.

Ilé wọn náà kì í ṣe bíi tiwa tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ. Igi ni egungun rẹ̀. Tí omi bá ti rí ọ̀nà wọ òrùlé, pákó á jẹrà, ilẹ̀ ilé á máa rì lábẹ́ ẹsẹ̀, omi á kan wáyà iná. Ilé iṣẹ́ adójútòfò á wá kọ̀wé pé àwọn ò bá onílé náà ṣe mọ́ nítorí òrùlé ti gbó. Bàbá á fi tapólì bò ó, á máa retí ọdún tí ń bọ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe gbà bẹ̀rẹ̀ kò jọ ara wọn. Ní Midland, ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn tó jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé aládùúgbò ṣe ní 1973. Ẹgbẹ́ tó ti inú rẹ̀ jáde, Rebuilding Together, ti tàn ká Amẹ́ríkà. Ti ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Purple Heart Homes ló wọ̀ mí lára jù. Dale Beatty àti John Gallina jẹ́ ọmọ ogun National Guard ti ìpínlẹ̀ North Carolina. Ní oṣù kọkànlá 2004, ọkọ̀ wọn gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Iraq. Beatty pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó padà sílé ní Statesville, ará ìlú jáde wá bá a kọ́ ilé. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn àgbà tó ja Vietnam kò rí irú ìkíni-káàbọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2008. Beatty kú ní 2018. Iṣẹ́ náà kò dúró.

Àwọn olówó ńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ aláàánú Home Depot, ilé ìtajà ńlá tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ti ṣèlérí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì títí di 2030. Ẹni tó ń ta ìṣó ló ń fi ìṣó ṣàánú yẹn. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí á má pè é ní ọrẹ ìkọ̀kọ̀.

Àánú nìkan kò sì tó. Ẹ wo irin ìdìmú inú balùwẹ̀, tí wọ́n máa ń kàn ní ínṣì 33 sí 36 sókè ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè gba ìwúwo 250 pọ́n-ùn. Ògiri ilé Amẹ́ríkà, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni lórí òpó igi. Tí olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bá kan irin náà mọ́ pátákó láìwá òpó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á dúró gírígírí títí di ọjọ́ tí bàbá bá yọ̀, tó sì dì í mú. Ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn tó ti pé ọdún 65 lọ ló ń ṣubú lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ohun tó le jù, tí káfíńtà kò lè tún ṣe, ni ìwé ilé. Ní 1947, nínú ẹ̀yáwó ilé, òwò àti oko tó lé ní 3,200 tí VA ṣe onídùúró fún ní ìlú 13 ní ìpínlẹ̀ Mississippi, méjì péré ló kan sójà aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ sójà aláwọ̀ dúdú ò wá rí ilé rà. Ilé bàbá wọn ni wọ́n padà sí. Bàbá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọmọ pọ̀, orúkọ olóògbé ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀. Ilé ẹbí tí à ń sọ nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú bá dé tòun ti pákó, wọ́n á ní kí onílé mú ìwé wá. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún kò ní lè fi hàn pé òun ló nilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Láti 2009 sí 2016, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gba àwọn àlejò tí kì í ṣe ọmọ ìlú wọn, tó sì gbọ́ èdè tí wọ́n nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Àwọn tó bá ọ̀nà yẹn wọlé á darúgbó lọ́jọ́ kan. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti sìn níbẹ̀ rí, ẹ bá mi sọ fún un: kó fi orúkọ tó pé sórí ìwé ilé rẹ̀, kó ṣe ìwé ìhágún, kó sì tọ́jú ìwé tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun. DD-214 ni wọ́n ń pè é. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.