Ẹ̀rọ tí a ń Lẹ̀ mọ́ Ara láti Ṣọ́ Ìlera, àti Bí Ó Ti Kan Àwa Aláwọ̀ Dúdú

Kò sí ìyá kan ní abúlé oko ní agbègbè Mọ́níyà tàbí Àkànràn tí kò mọ bí a ti í fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ lóru láti mọ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ṣùgbọ́n oorun a máa gbé ìyá lọ. Ọwọ́ kò sì lè sọ bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, èyíinì ni èròjà inú afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé ẹ̀mí ró. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bí pílásítà, tí í máa ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán tòru. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni a fẹ́ sọ, àti ohun kan nínú rẹ̀ tí àwa aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ fojú fò dá.

Inú ẹ̀rọ a máa le, ara ènìyàn a sì máa rọ̀. Báwo ni àwọn méjèèjì yóò ti lẹ̀ pọ̀? Ní ọdún 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Rogers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá sọ wúrà àti sílíkọ́nì di tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí a sì tẹ́ ẹ ní wíwọ́ bí ipa ejò sórí rọ́bà tí ó rọ̀, yóò máa nà, yóò sì máa sún kì pẹ̀lú awọ, kò sì ní í já. Ní ọdún 2019 wọ́n ròyìn bí wọ́n ti lò ó fún àwọn ìkókó ní ilé ìwòsàn ní Chicago. Tẹ́lẹ̀ rí, wáyà ni a fi ń so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, tí ìyá kò fi lè gbé e mọ́ àyà fàlàlà. Lẹ́yìn náà wọ́n lo irú rẹ̀ fún àwọn aboyún ní Lusaka, ní ilẹ̀ Zambia. Kò ní wáyà. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà fi ìròyìn ránṣẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ yìí fi ń mọ ìròyìn ara ju ẹyọ kan lọ. Ọkàn wa, nígbàkígbà tí ó bá lù, a máa tú agbára mànàmáná díẹ̀ jáde; ẹ̀rọ tí ó wà ní àyà a máa gbọ́ ọ, yálà awọ funfun ni tàbí dúdú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń wá ọ́síjìn. Takuo Aoyagi, ará Japan, ni ó rí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1974. A ó tan ìmọ́lẹ̀ pupa, àti òmíràn tí ojú kò lè rí, sínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ a máa gba àwọn ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra lọ́nà kan, èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ kù káàtó a máa gbà á lọ́nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tí a ń fi há ẹnu ìka ní ilé ìwòsàn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọ̀ dúdú pẹ̀lú a máa gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, èyí sì lè da ìṣirò ẹ̀rọ rú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn oníṣègùn ní Michigan ròyìn àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ìka sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàrin 92 àti 96 nínú 100, èyí tí kò bani lẹ́rù. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò gan-an, a rí àwọn kan tí tiwọn kò tó 88. Láàrin àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n tó ìwọ̀n 4 nínú 100. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Àìsàn ń wọ ara lọ, ẹ̀rọ ń wí pé ó sàn.

Kí ni ó fà á? Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní ọdún 2013 gbà kí a dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lára ènìyàn 10, kí 2 péré nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹni méjì! Ní oṣù Kínní ọdún 2025 ni wọ́n gbé àbá tuntun jáde pé kí wọ́n tó 150, kí onírúurú àwọ̀ sì wà nínú wọn.

A kò wí pé kí a sọ ẹ̀rọ náà nù. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Melbourne jọ mú ẹ̀rọ ìka lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ wa. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn wọn ti ọdún 2019, àwọn ọmọ tí ó ń rí ọ́síjìn gbà nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀ pọ̀ sí i gidigidi. Ojú nìkan kì í tètè rí ohun tí ẹ̀rọ ń rí.

Ẹ̀rọ ìlẹ̀mọ́ra kò tí ì di ohun tí a ń bá pàdé ní àwọn ilé ìwòsàn kékeré ní Lágelú tàbí Ẹgbẹ́dá, ṣùgbọ́n ti ìka kò ṣòro láti rà. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó nu ọ̀dà èékánná kúrò, làálì pẹ̀lú, kí ó sì ra ìka tí ó tutù títí yóò fi móoru, kí ó tó wò ó. Bí ihò ìha ọmọ bá ń wọlé nígbà tí ó ń mí, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀rọ. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún: bí ó bá tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5, pẹ̀lú ikọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà, ohunkóhun tí ẹ̀rọ ìbáà wí.