Dìbò, Kí O Sebẹ̀

Nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì lọ́dún 2018, ọ̀rọ̀ kan gbòde kan: "Dìbò, kí o sebẹ̀." Ẹlòmíràn tẹ̀ka tán, ó fi ìwé ìdìbò han aṣojú ẹgbẹ́, ó sì gba owó ọbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò ọbẹ̀ náà. Ọdún 4 ni sáà gómìnà, èyí tí í ṣe ọjọ́ 1,461. Ẹni tí ó bá ta ìbò rẹ̀ ní náírà 5,000, ohun tí ó gbà kò tó náírà 3 àti àbọ̀ lóòjọ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ pàápàá kò sí nínú rẹ̀.

A kò fi tálákà ṣe ẹlẹ́yà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sanwó ọjà kì í jẹ ọlọ́jà ní gbèsè mọ́. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 pàápàá ka ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà sí arúfin.

Èyí tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tí ó gbowó náà ni í kọ́kọ́ ké "Olè!" bí ìjọba bá ná owó ìlú ní ìnákúnàá. Ǹjẹ́ níbo ni ó rò pé owó ọbẹ̀ rẹ̀ ti wá?